Ta Ni Onídùúró Rẹ̀?

Láàárín oṣù kan ṣoṣo, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀gá jórìnjórìn kan lọ́nà Mọ́lété ló kọ́kọ́ bi mí. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, kò tilẹ̀ wo ojú mi: "Mọ́mì, ta ni onídùúró ọmọ yìí?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo bá ara mi ní téṣàn ọlọ́pàá kan. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà kò ní ṣí ìwé, àfi bó bá mọ ẹni tí yóò dúró fún ọmọ tí wọ́n kó lójú títì. Ẹ̀kẹta, ilé ẹ̀kọ́ ni, níbi tí a ti fẹ́ forúkọ ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún WAEC. Wọ́n ní ta ni alágbàtọ́ rẹ̀, ta ni yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìwàásù lórí àwọn ọ̀dọ́ ìgboro: pé wọ́n ń mu igbó, pé iṣẹ́ kì í yá wọn lára, pé owó òjijì ni wọ́n ń wá. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti dé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ìwé. Wọ́n bi wọ́n léèrè onídùúró, wọn kò ní, wọ́n sì padà sẹ́yìn.

Aránṣọ ni mí. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń rán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Kúdẹtì, nísàlẹ̀ Màpó, n'Ìbàdàn. Ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Bí aago ìsìn bá dún tí mo ṣì ń so bọ́tìnnì mọ́ aṣọ oníbàárà, mo ṣì lè bá wọn níbi orin àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá mọ àárín ìgboro wa á mọ bí àwọn ìjọ àtijọ́ ṣe rí. Àwọn bàbá wa ló kọ́ ilé yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí Bódìjà àti Akóbọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á gbé mọ́tò wá sí ìjọ bàbá wọn, mọ́tò á tò láti ẹnu géètì títí dé ìsọ̀ ẹlẹ́kọ, àwọn ọmọ àdúgbò á sì jókòó sórí ìgànnà, wọ́n á máa wí pé, "Dádì, a ń bá yín ṣọ́ mọ́tò o!" Bí ìsìn bá parí, Dádì á nawọ́ ₦200 jáde, á yí gíláàsì sókè, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí a ṣe ń gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, àwa nínú, àwọn lórí ìgànnà. "Àwọn ọmọ yẹn" la máa ń pè wọ́n nínú ìpàdé. Èmi náà pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni, èmi ni mo rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn mìíràn nínú wọn nígbà tí wọ́n wà ní pírámárì. Mo mọ ìwọ̀n ìbàdí wọn ní kíláàsì kìíní, n kò mọ ohun tó gbé wọn gun ìgànnà.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan pé kí n bá òun lẹ orúnkún ṣòkòtò òun. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo bi í pé kí ló ń kán an lójú, ó ní òun fẹ́ lọ bá ọ̀gá jórìnjórìn láàárọ̀ ọ̀la, òun kò fẹ́ kí ó rí orúnkún òun níta. Mo lẹ̀ ẹ́, n kò gba kọ́bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí òun mú onídùúró wá, àgbàlagbà tó ní ilé tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ wà l'Ékòó, kò sí ẹni tó mọ ibi tó ń gbé. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ, ẹ̀kọ ló ń tà, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì háyà.

"Mọ́mì, ẹ ṣáà bá mi dúró."

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí á mọ ìdí. Ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ kì í ju ojú ewé méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà nínú rẹ̀ wúwo. Wọ́n á kọ iye ọdún tí ọmọ yóò lò, owó ìwọṣẹ́, orúkọ òbí, orúkọ ọ̀gá àti ti ẹlẹ́rìí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ti onídùúró. Bí ọmọ bá sá, òun ni wọn yóò wá bá. Bí ohun èlò bá sọnù, òun ni yóò san án. Bí ara ọmọ kò bá yá, òun ni ọ̀gá yóò ránṣẹ́ sí. Títí di ọjọ́ tí ọmọ bá gba òmìnira, tí ọ̀gá gbàdúrà sí i lórí tí gbogbo ènìyàn sì jókòó ya fọ́tò, orúkọ rẹ kò kúrò lórí ìwé yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló dúró fún èmi náà nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Òkè-Àdó. Ó kú kí n tó gba òmìnira. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ìsìnkú ni ọ̀gá mi obìnrin ti ń béèrè ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Mo bínú gan-an nígbà náà, mo ní ìwà ìkà ni. Ìgbà tí èmi náà di ọ̀gá ló tó yé mi. Ọmọ tí kò lẹ́nì kankan lẹ́yìn, bí ó bá ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, ọwọ́ rẹ nìkan ló ṣubú sí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a lọ, mo sì buwọ́ lu ìwé náà. Kí oṣù tó parí, àwọn mẹ́ta mìíràn ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

Apá mi kò ká mẹ́rin. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àlùfáà wa, ó sì ṣe ohun kan tí mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún. Kò wàásù lé e lórí, kò sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Nígbà ìkéde, ó kàn béèrè pé, "Ta ló lè dúró fún ọmọ kan?" Ènìyàn mẹ́sàn-án ló nawọ́. Lónìí, ọmọ mọ́kànlélógún ló wà lọ́wọ́ wa, a kò sì tíì fún un lórúkọ ńlá kankan. "Ọ̀rọ̀ onídùúró" la ń pè é.

Òfin wa kò pọ̀. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dúró fún ju ọmọ méjì lọ. Kí ó tó buwọ́ lùwé, ó gbọ́dọ̀ ti dé ilé ọmọ náà, kí ó mọ ibi tó ń sùn àti ẹni tó ń tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí ó máa yọjú sí ọ̀gá ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fúnra rẹ̀, láìrán ẹnikẹ́ni. Òfin àbẹ̀wò yìí ló le jù fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Bàbá kan nínú ìjọ wa tó ti báńkì fẹ̀yìn tì fi odidi wákàtí kan jókòó sórí táyà ní ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, ó ń wo ọmọ tó dúró fún bó ṣe ń lẹ túùbù. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọmọ náà kì í fi ohunkóhun kan ẹnu títí di aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀rù ba bàbá yìí. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun fi ń fún ọmọ yẹn ní owó ìṣọ́ mọ́tò lọ́jọ́ Ìsinmi, òun kò bi í rí pé ṣé ó ti jẹun.

Ibẹ̀ ni oúnjẹ Sátidé ti bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò ìkórè tí a máa ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a gbé e jáde, a ń fi se ìrẹsì àti ẹ̀wà ní gbogbo Sátidé. Àwọn tó ń múra WAEC á jẹun tán, wọ́n á wọ inú họ́ọ̀lù lọ bá olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Ẹ̀kọ́ Ìṣirò àti Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, ni ohun tí yunifásítì ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, ìṣirò ló sì ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Bàbá yìí kì í pariwo mọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá ṣì í, á ní kí wọ́n ka ìbéèrè náà sókè, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kí wọ́n tó gbé bírò. Mo ti rí ọmọ tó fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nílé ìwé. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní tiwọn, a ń gbà wọ́n níyànjú láti jókòó fún Trade Test ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ìwé lè wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú iṣẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yìí, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bí àdúgbò wa ṣe rí nìyẹn. Alhaja ni ìyá bàbá tèmi gan-an. Tí ó bá pa àgbò Iléyá, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pé ìjọ ń fi ìrẹsì ra ọmọ ọlọ́mọ. Èmi àti àlùfáà wa lọ kí ààfáà mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó fún wa ní àga, ó fún wa lómi, ó wá béèrè ohun méjì. Ṣé a máa sọ pé dandan ni kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì? A ní rárá. Bí àkókò ìrun bá tó ní Sátidé, ṣé a máa jẹ́ kí wọ́n kírun? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó tán. Kẹ́tùlù àlùwàlá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi họ́ọ̀lù wa báyìí, ààfáà fúnra rẹ̀ sì ti dúró fún ọmọ méjì. Èyí kò tẹ́ àwọn kan nínú ìjọ lọ́rùn. Wọ́n ní bí a kò bá ní wàásù fún wọn, kí la wá ń ṣe? Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn. Ará Samáríà tó gbé ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù, kò kọ́kọ́ bi í pé níbo ló ti ń jọ́sìn, owó onílé èrò ló san.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọmọ orúnkún ṣòkòtò yẹn, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù keje tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé fáìlìn mọṣín-ìn ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń gé irin tí iná máa ń ta jáde lára rẹ̀, ó sì sá lọ. Ọ̀gá kò pe ọlọ́pàá. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ dúró." ₦65,000 ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san án, láti inú owó iṣẹ́ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tí mo ti fọkàn sí pé màá fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe. Mo sunkún lórí owó náà. Mo sunkún ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí pé kò sọ ohunkóhun fún mi. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ó sá lọ, ó wá kí mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi gbá ilẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ, bàbá àgbà kan dìde, ó ṣí Ìwé Òwe orí kọkànlá ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún: ẹni tó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún àlejò ni yóò rí ìyọnu. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kà á láti fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní ìfẹ́ dára, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa. Gbogbo ilé dákẹ́. Òótọ́ ni bàbá sọ, ìyọnu náà sì ti dé bá mi. Mo kàn rántí Júdà níwájú bàbá rẹ̀ nígbà ìyàn, tó ní òun ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ Bẹ́ńjámínì, kí bàbá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Mo sọ ọ́, ohùn mi ń gbọ̀n. Nígbà náà ni àlùfáà ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì, nípa Ónésímù tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní bó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn. Àlùfáà ní inú Bíbélì kan náà ni ìkìlọ̀ àti ìdúró wà, ìkìlọ̀ kò sì ní ká má dúró, ó ní kí a mọ̀ pé ìyọnu wà níbẹ̀ kí a tó dúró.

Bàbá àgbà yẹn ló mú àbá wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé kí a ṣe àpótí kan, kí ẹni tó bá lè sọ nǹkan sí i máa sọ ọ́ sí i, kí gbèsè má bàa dá ẹnì kan ṣoṣo lórí mọ́. Òun ló kọ́kọ́ sọ owó sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la ti ṣí àpótí náà láti ìgbà yẹn.

Ìyá àgbà ọmọ náà gbọ́. Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ ṣì wà nínú igbá lórí rẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ₦2,000 jáde. Ó ní òun gbọ́ pé mo san gbèsè ọmọ òun, òun ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo mọ iye tó ń jẹ lórí ẹ̀kọ. Ọwọ́ mi fẹ́ẹ́ tì í padà, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé bí n kò bá gbà á, ìtìjú ni màá dá kún ìtìjú tí ọmọ rẹ̀ ti kó bá a. Mo gba owó náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ ṣé, Mà." Lóṣooṣù ló ń mú un wá fún bí ọdún kan, ìgbà mìíràn ₦1,000, ìgbà mìíràn ₦500 pẹ̀lú ẹ̀kọ mẹ́ta. Inú àpótí ni mo ń kó owó náà sí. Nígbà tó fi máa dáwọ́ owó náà dúró, ó ti di ẹni tí mo ń lọ kí nílé.

Ọmọ náà pè mí lẹ́ẹ̀kan, ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, pẹ̀lú nọ́ńbà tí n kò mọ̀. Ariwo mọ́tò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dà bí ẹni pé inú páàkì ló wà. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti gba owó yẹn lọ́wọ́ yín?" Mo ní wọ́n ti gbà á. Ó dákẹ́ títí. Mo ní ìyá àgbà rẹ̀ ń béèrè rẹ̀, mo ní kí ó wálé, ọ̀gá rẹ̀ kò ní lù ú. Fóònù gé. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Ilẹ̀ tí a wà yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí n káwọ́ gbera. Kúdẹtì yìí náà ni òyìnbó míṣọ́nárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853. Ọmọ ìjòyè kan n'Ìbàdàn, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ló kọ́kọ́ lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, owó àti oúnjẹ kò wọlé sí wọn lọ́wọ́ mọ́, Anna ń ta ẹrù ilé rẹ̀ láti fi bọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Daniel Olúbí, tó kọ́kọ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé wọn, ni wọ́n fi joyè àlùfáà nígbà tó yá, tó sì di ìjọ Ìbàdàn mú lẹ́yìn wọn. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá sílẹ̀ fún wa, Kúdẹtì ló ti kàwé ní kékeré. Àwọn ènìyàn máa ń yin òyìnbó tí wọ́n bá sọ ìtàn yìí. Ìjòyè yẹn ni mo máa ń rò ní tèmi, bàbá tó fa ọmọ rẹ̀ méjì lé àlejò tí kò mọ ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́. Òun náà dúró. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ní kí ọmọ òun máa wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, ohun kan náà ló ṣe.

Àṣìṣe wa kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìjọ mìíràn tó bá fẹ́ ṣe irú èyí mọ̀. Ọdún kan àti àbọ̀ la fi ń ka ọmọkùnrin nìkan. Ìgànnà ló tàn wá jẹ: àwọn tí a ń rí lójoojúmọ́ la rò pé wọ́n wà nínú ìṣòro. Àwọn ọmọbìnrin kì í jókòó sórí ìgànnà. Wọ́n wà nílé, wọ́n ń tọ́ àbúrò, wọ́n ń kiri omi àti gúgúrú, àwọn mìíràn ti lóyún, wọn kò jáde mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti rí wọn. Ọ̀kan wá pé kí n bá òun tú ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé òun síta. Oṣù kejì, ó tún wá fún irú iṣẹ́ kan náà. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. N kò bi í léèrè ohun kan. Mo fún un ní àga, mo ní kí ó máa bá mi so bọ́tìnnì lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọ rẹ̀ ti ń rìn báyìí. Òun ni ẹni tí wọ́n béèrè alágbàtọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ó sì jókòó ṣe WAEC. Kírẹ́díìtì mẹ́fà, ìṣirò wà nínú rẹ̀. Méje nínú àwọn mọ́kànlélógún ló jẹ́ obìnrin báyìí. Kò tíì tó.

Èyí tó kàn báyìí ni ọmọ kan tí gbogbo wa ń pè ní Omíyalé. Nígbà tí a béèrè ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kò sí, ṣùgbọ́n òun kò lè gbàgbé ọjọ́ náà láé, nítorí alẹ́ tí omi ya wọ ilé wọn ni ìrọbí mú òun, orí tábìlì aládùúgbò ni òun bí i sí. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé yẹn. A fi ọjọ́ náà gba ìwé fún un. Iná mọ́tò ló wù ú, rewáyà ló fẹ́ ṣe, kíá ló sì fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀. Mo kọ̀. Òfin ti wà láti 2004 pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nílé ìwé jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ, kò sì tíì parí ti tirẹ̀. A bá ọ̀gá rewáyà dúnàádúrà: ọ̀sán lẹ́yìn ilé ìwé àti Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ títí yóò fi ṣe ìdánwò JSS3, lẹ́yìn náà ni ọdún ìkọ́ṣẹ́ gan-an yóò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó wá ní kí a mú ìwé wá.

Ọjọ́ Ajé yìí ni a ń lọ. Ààfáà ni ẹlẹ́rìí, èmi ni onídùúró. Mo ti ní kí ìyá rẹ̀ fi ìwé ọjọ́ ìbí náà sínú ọ̀rá, nítorí òjò.